"Fọ́tò Mi Dà?": Ìdáhùn Sí Tíṣà Kan Tí Kámẹ́rà Ti Sú

Tíṣà kan kọ̀wé sí mi láti Abẹ́òkúta. Ó ní kí n má dárúkọ òun, nítorí náà tíṣà ni màá máa pè é. Mo gé lẹ́tà rẹ̀ kúrú díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ó pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ra kámẹ́rà, Canon tòkunbọ̀ ni, ní Computer Village n'Íkẹjà. Lọ́dún àkọ́kọ́, bí mo bá ti jí, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Mo ya Olúmọ lókè, mo yà á nílẹ̀, mo ya àwọn òrùlé tó ti dípata, mo ya àwọn aláró Ìtòkú, mo ya ọmọ, mo ya ewúrẹ́. Ní báyìí, oṣù mẹ́jọ ti kọjá tí mi ò tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Orí wọ́dúróòbù ló wà. Bí mo bá tiẹ̀ gbé e jáde, màá wò yíká, mi ò ní rí nǹkan kan tí mo fẹ́ yà. Bàbá àwọn ọmọ ní kí n tà á, tàbí kí n kúkú máa fi gba iṣẹ́ òde, kó lè mówó wọlé. Àwọn tó ń tẹ 'like' fún mi lórí Facebook náà ti dínkù. Ṣé kì í ṣe pé mi ò tiẹ̀ ní ẹ̀bùn rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀? Àbí kí n ra èyí tó dáa jù ú lọ, bóyá ara mi á tún yá sí i? Ẹ̀rín ni màá fi parí rẹ̀ o, sà: ìyá aláró kan tí mo yà ní ọdún méjì sẹ́yìn ṣì ń bi mí pé 'Fọ́tò mi dà?' nígbàkigbà tó bá rí mi. Mo ti wá ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sọ́jà."

Tíṣà mi, ẹ ní ẹ̀rín lẹ fi parí ẹ̀, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni mo ti dá kíkà dúró, tí mo bọ́ awò ojú mi. Màá padà síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ohun tó ń dùn yín sọ, kí n mọ̀ bóyá mo gbọ́ yín yé. Ẹ ò sọ pé ẹ ò mọ kámẹ́rà á lò. Ẹ ò sọ pé kò sáyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé iṣẹ́ tíṣà pẹ̀lú ọmọ títọ́ kì í fúnni láyè imú mí. Ohun tí ẹ ń sọ ni pé nǹkan kan wà tó máa ń tì yín jáde nílé tẹ́lẹ̀, nǹkan ọ̀hún ti lọ, ẹ ò sì mọ ọjọ́ tó lọ. Ìyẹn ló wá ń tì yín lójú, bí ẹni tó gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́ tí kò tọ́ ọ dàgbà. Ẹ ti wá ń fura sí ara yín pé bóyá irọ́ ni ìfẹ́ náà látilẹ̀ wá.

Kì í ṣe irọ́. Ọdún 1986 ni wọ́n mú mi lọ kọ́ṣẹ́ fọ́tò ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, mo ṣì wà nídìí ẹ̀ títí dòní, èmi gan-an ti pa kámẹ́rà tì rí fún odindi ọdún kan àtààbọ̀. Nínú àwọn tí mo mọ̀ tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, àtẹni tó fi ń jẹun àtẹni tó fi ń ṣeré, kò sí ẹyọ kan tí kò tíì pa á tì rí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn kúrò lójú ọ̀nà. Ẹni tí kò nífẹ̀ẹ́ nǹkan kì í kọ lẹ́tà ojú ewé mẹ́ta nítorí ẹ̀.

Ohun tó ṣe yín lọ́dún kejì, mo ti rí i lára àwọn ọmọ iṣẹ́ mi débi pé mo lè sọ oṣù tó máa dé. Lọ́dún àkọ́kọ́, gbogbo nǹkan ló ń yani lẹ́nu. Ẹ ṣí ojú lẹ́ǹsì sílẹ̀ gbàgà, ẹ̀yìn ọmọ yín di kùrukùru nínú fọ́tò, ẹ pariwo. Ẹ gbé kámẹ́rà lé orí òkúta létí odò Ògùn, ẹ jẹ́ kó ṣí fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, omi di òwú. Kì í ṣe fọ́tò yẹn gan-an ló dùn mọ́ yín nígbà yẹn, kíkọ́ ló dùn mọ́ yín. Ẹ̀kọ́ yẹn ti wá tán, ó kéré tán apá tó rọrùn ti tán. Láàárín àkókò yẹn kan náà, ẹ ti ń wo fọ́tò àwọn tó mọ̀ ọ́n yà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, lójoojúmọ́, lórí fóònù. Ojú yín ti gbọ́n. Ọwọ́ yín ò tíì gbọ́n tó o. Ojú tó ti rí òkun, kò lè rí ọ̀sà kó bẹ̀rù: fọ́tò tí ì bá mú yín jó ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, bí ẹ bá yà á lónìí, ẹ ó kàn mí kanlẹ̀ ni, ẹ ó sì pa á rẹ́. Ó ń jọ lójú yín pé ẹ ń padà sẹ́yìn, nígbà tó jẹ́ pé ojú yín ló sáré ṣíwájú tó fi ọwọ́ yín sílẹ̀ lẹ́yìn. Bí ẹ bá ń ṣiyè méjì, ẹ mú fọ́tò mẹ́wàá tí ẹ kọ́kọ́ yà àti mẹ́wàá tí ẹ yà kẹ́yìn, ẹ tò wọ́n síra lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ó rí i fúnra yín. Mi ò ní oògùn kíákíá fún un, nítorí iṣẹ́ nìkan ló ń mú ọwọ́ bá ojú, àmọ́ ó dáa kéèyàn mọ orúkọ àìsàn tó ń ṣe é.

Ìyẹn nìkan kọ́ sì ni. Èyí tó kù ni mo rò pé ó wúwo jù, èmi náà pẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo wà lábẹ́ ọ̀gá mi, fíìmù 120 la ń lò nínú Yashica onílẹ́ǹsì méjì. Fọ́tò 12 péré ló wà nínú róòlù kan. Bí o bá fi ọ̀kan ṣòfò, wàá gbọ́ ọ létí. Ọ̀gá mi ní ìwé ńlá kan tó máa ń kọ gbogbo rẹ̀ sí: orúkọ ẹni tó jókòó, iye ẹ̀dà tó fẹ́, ọjọ́ tó máa wá gbà á. Kò sí fọ́tò kan tó ń jáde nínú yàrá òkùnkùn wa tí a ò mọ ẹni tó ni ín. Bí mo bá ti ki páálí bọ inú omi dẹ́fẹ́lọ́pà, lábẹ́ gílóòbù pupa yẹn, tí ojú èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀, irun orí kọ́kọ́ yọ, ojú tẹ̀ lé e, èmi ọmọdé máa ń sọ orúkọ ẹni náà jẹ́jẹ́ kí n tó gbé e sínú háípò, omi tí kì í jẹ́ kí fọ́tò parẹ́. "Ìyá Rísí." "Kọ́púrà." Mo mọ̀ pé lọ́jọ́ Jímọ̀ wọ́n á wá.

Lọ́jọ́ kan, ìyá kan mú Kẹ́hìndé wá, ọmọ bí ọdún mẹ́rin. Táíwò ti lọ. Ọkùnrin làwọn méjèèjì, wọn ò sì tíì ya fọ́tò kankan pọ̀ rí. Ọ̀gá mi ò béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé ọmọ náà jókòó sí apá òsì àga gígùn, ó yà á. Ó ní kó sún sí apá ọ̀tún, ó tún yà á. Nígbà tó di alẹ́, ó fi páálí dúdú bo ìdajì ìwé fọ́tò, ó tẹ ọ̀kan síbẹ̀, ó ṣí i kúrò, ó bo ìdajì kejì, ó tẹ èkejì. Ìgbà tí ìwé náà jáde nínú omi, ìbejì méjì ló jókòó síbẹ̀, wọ́n wọ aṣọ kan náà. Ọ̀pọ̀ fọtógíráfà nílẹ̀ Yorùbá ló mọ iṣẹ́ yìí láyé ọjọ́hun, kì í ṣe ọ̀gá mi ló dá a sílẹ̀. Àmọ́ èmi ni mo gbé e fún ìyá náà lọ́wọ́. Kò sunkún. Ó kàn nu ojú fọ́tò náà pẹ̀lú etí ìró rẹ̀, bí ẹní ń nu ojú ọmọ, ó dì í mọ́ inú ìborùn, ó lọ.

Ẹ wá wo tiyín. Ẹ ti ya bí ẹgbẹ̀rún mélòó láàárín ọdún kìíní? Ẹ ò sọ fún mi, àmọ́ mo mọ bí ó ṣe máa ń rí. Inú káàdì ni wọ́n wà, tàbí inú kọ̀ǹpútà kan tí ọmọ ń fi gbá géèmù. Ta ló ni wọ́n? Kò sẹ́ni tó ń dúró dè wọ́n. Ẹ gbé ogún nínú wọn sórí Facebook, àwọn èèyàn fi ìka kan wọ́n, wọ́n kọjá lọ. Ìyẹn náà tó nǹkan tẹ́lẹ̀, ó jọ pé ẹnì kan gbà á, títí iye ìka fi dínkù. Facebook ló ń yan ẹni tó máa rí ohun tí ẹ gbé síbẹ̀, kì í ṣe bí fọ́tò ṣe dáa tó ló ń wò. Lónìí ó lè fi hàn igba èèyàn, lọ́la kó fi hàn ogún. Ẹni tó bá fi ìyẹn wọn iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á rọ dandan. Ohun tí mo rí nínú lẹ́tà yín ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré, nínú gbogbo ẹgbẹ̀rún yẹn, lẹnì kan ti sọ fún yín pé òun ló ni fọ́tò kan, pé kí ẹ mú un wá. Ẹ sì ń gba ẹ̀yìnkùlé sá fún un.

Ẹ má bínú pé mo là á mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti sá fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ẹ ní kò sí ohun tó kù láti yà l'Abẹ́òkúta. Èyí mú mi rántí fọtógíráfà kan, J. D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ ilẹ̀ Ẹdó tí wọ́n bí ní 1930. Ní 1950 ló ra kámẹ́rà àkọ́kọ́, Brownie D, alápòótí tí kò ní fíláàṣì. Ìbàdàn ló ti ṣiṣẹ́ yàrá òkùnkùn fún ìjọba láti 1954, lẹ́yìn náà ó bá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà ṣiṣẹ́, ó wá tẹ̀dó s'Ékòó. Iṣẹ́ ìpolówó ọjà ló fi ń jẹun. Ní 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí obìnrin: irun dídì, irun kíkó, lójú títì, lọ́jà, lóde ìyàwó, ní ọ́fíìsì. Ẹ̀yìn orí ló máa ń yà jù, tí ìpàkọ́ á hàn gedegbe, kò sí ohun mìíràn lẹ́yìn ẹ̀. Onílé gogoro wà ńbẹ̀, pẹ̀lú àwọn irun mìíràn tí ọmọ ìsinsìnyí ò gbọ́ orúkọ wọn rí. Ó ń yà á lọ títí ó fi sún mọ́ ẹgbẹ̀rún kan. Ìgbà tó di ọdún 2000 ni wọ́n tó gbé àfihàn ńlá kalẹ̀ fún un ní Fondation Cartier ní Páríìsì. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún 32. Ó kú ní 2014.

Kì í ṣe torí kí ẹ lè dé Páríìsì ni mo ṣe sọ ọ́. Ohun tí mò ń wò ni pé ọkùnrin yìí kò ní láti máa jí láàárọ̀ kó máa bi ara rẹ̀ pé ṣé ara mi yá lónìí. Ìbéèrè tó wà níwájú rẹ̀ yàtọ̀: irun wo ló tún jáde? Irun kì í pẹ́ lórí, ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, wọ́n á tú u, iṣẹ́ ọwọ́ onídìrí ti lọ nìyẹn. Ohun tó ń lọ ló ń fa ọwọ́ rẹ̀. Olúmọ kò lọ síbì kankan, òkúta ni, bí ẹ ò bá yà á lónìí ẹ ó bá a níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ìdí nìyẹn tó fi sú yín kíákíá. Gbogbo àlejò tó gun òkè yẹn ló ń ya òrùlé dídípata kan náà láti ibì kan náà. Ìtòkú lọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí. Ẹ kíyè sí i: mélòó nínú àwọn ìyá yẹn ló ṣì ń fi èlú rẹ aró nínú ìkòkò, mélòó ló ti bọ́ sórí aró oníyẹ̀fun tí wọ́n ń pò mọ́ kẹ́míkà nínú ike? Ta ló ṣì ń fi ìyẹ́ adìẹ kọ ẹ̀kọ sára aṣọ, tí kò lo páálí gígé? Ta ló ń kọ́ ọmọ rẹ̀, ta ni ọmọ rẹ̀ ní fóònù lòun fẹ́ máa tà? Ọwọ́ aláró nìkan, tó dúdú bí ojú alẹ́ dé ìgbọ̀nwọ́, tí èékánná rẹ̀ ò ní funfun mọ́ láéláé, ó tó ohun tí ẹ lè fi ọdún méjì yà. Ohun tí ẹ sọ pé ẹ ti yà, ẹ kọjá níwájú ẹ̀ ni. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, bí arìnrìn-àjò.

Ọ̀rọ̀ bàbá àwọn ọmọ wá kàn. Mi ò ní bá a jà, owó kámẹ́rà kì í ṣe owó kékeré, ó sì tọ́ kí ọkọ béèrè ohun tó wà lórí wọ́dúróòbù. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Láti 2003 títí dé 2009, kò sí Sátidé tí mi ò sí lóde ìnáwó. Èmi ni mo máa ń ya àlejò bí wọ́n bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tí ọmọ iṣẹ́ mi á sáré lọ tẹ̀ ẹ́, tí a ó wá máa gbé e káàkiri láàárín tábìlì: "Mọ́mì, ẹ wo bí ẹ ṣe rẹwà, ẹ bá wa rà á." Òmíràn á rà á, òmíràn á ní òun ò bẹ̀ yín níṣẹ́, òmíràn á sọ pé imú òun tóbi jù nínú ẹ̀. Bí ìnáwó bá tú, fọ́tò tí ẹni tó ni ín ti wọkọ̀ lọ á kù sí mi lọ́wọ́, bí ogójì, bí àádọ́ta, a ó sì kó o dànù. Owó wà níbẹ̀, n ò ní parọ́, òun ni mo fi rán ọmọ méjì níléèwé. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọdún kẹfà, mi ò lè wo kámẹ́rà lọ́jọ́ Sunday. Oníbàárà kan tó jẹ mí lówó ìgbéyàwó odindi ló fọ́ ohun tó kù. Ìgbà yẹn ni mo pa á tì fún ọdún kan àtààbọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá nílò owó, ẹ ṣe é, iṣẹ́ gidi ni. Bó bá jẹ́ pé kí ẹnu ọkọ lè rọlẹ̀ nìkan ni, ẹ gba iṣẹ́ kan tàbí méjì lọ́dún, ìsọmọlórúkọ ará ilé, kí ẹ sì sọ fún un pé èyí tó kù, tiyín ni. Ẹni tó ń gbá ayò lábẹ́ igi ọ̀dán, kò sẹ́ni tó ń bi í pé èló lo pa níbẹ̀.

Kámẹ́rà tuntun ńkọ́? Mi ò rò ó. Inú á dùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nítorí ẹ̀kọ́ tuntun tún dé, ẹ ó sì padà síbi tí ẹ wà, tẹ̀yin ti gbèsè. Bó bá jẹ́ lẹ́ǹsì tó bá kámẹ́rà wá lẹ ṣì ń lò, 50mm tó ń ṣí dé f/1.8 wà lára lẹ́ǹsì tí owó rẹ̀ kéré jù, ó sì máa jẹ́ kí ẹ lè yàwòrán nínú ìsọ̀ tó ṣókùnkùn láìlo fíláàṣì. Ìyẹn náà lè dúró. Èyí tí kò lè dúró ni kí ẹ gbé kámẹ́rà yẹn sọ̀ kalẹ̀ lórí wọ́dúróòbù lónìí. Ní ilẹ̀ wa tí afẹ́fẹ́ kún fún omi yìí, lẹ́ǹsì tí wọ́n dì mọ́ inú àpò nínú òkùnkùn máa ń bu bí búrẹ́dì ṣe ń bu. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì gba inú ẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá rí nǹkan funfun tín-ín-tín bí òwú aláǹtakùn, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹ tètè gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Bí ẹ ò bá rí nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀, ẹ wá ike oúnjẹ tó ní ìdérí líle, ẹ gbé e sínú rẹ̀, ẹ kó àwọn àpò kéékèèké tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun tì í, àwọn tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kí a má jẹ wọ́n. Ẹ yọ bátìrì rẹ̀, ẹ chájì í. Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo ti rí i pé ìdajì àárẹ̀ ọkàn àwọn èèyàn, bátìrì tó ti kú ni. Kéèyàn tó rí chájà, kó tó dúró de wákàtí méjì, ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ tó ń wù ú yà ti lọ.

Bí mo bá ní kí ẹ ṣe nǹkan kan, ohun tí màá ní kí ẹ ṣe kéré. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ẹ lọ sí Ìtòkú, ibẹ̀ nìkan, àárọ̀ kùtù tàbí lẹ́yìn aago mẹ́rin, nígbà tí oòrùn bá ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ẹ ya 12, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ, bíi fíìmù ọ̀gá mi. Ẹ ó rí i pé ẹ ó máa dúró. Ẹ ó máa wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba ẹnu ilẹ̀kùn ìsọ̀ wọlé tó ń tan sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì wà nínú òjìji, tí aṣọ aró tó wà lórí okùn sì ń da àwọ̀ rẹ̀ sára ògiri. Lópin oṣù, ẹ yan mẹ́rin, ẹ tẹ̀ wọ́n sórí ìwé, ẹ pín wọn fún àwọn tó wà nínú wọn. Ìwé títẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ní mẹ́rin. Ẹ fi Facebook sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Àwọn kan á gbà yín níyànjú pé kí ẹ máa ya fọ́tò kan lójoojúmọ́ fún odindi ọdún kan, mo ti rí ẹni tó ràn lọ́wọ́, àmọ́ àwọn tí mo mọ̀ jù, inú oṣù kejì ni wọ́n ti ń ya ife tíì, tí wọ́n sì ń kórìíra ara wọn. Ẹgbẹ́ àwọn tó jọ ń rìn káàkiri yàwòrán náà wà, ó dáa fún ọ̀rẹ́ àti fún ààbò, kì í ṣe fún ohun tó ń ṣe yín yìí.

Ààbò tí mo mẹ́nu bà, ẹ ò sọ ọ́ nínú lẹ́tà yín, àmọ́ mo fura pé ó wà níbẹ̀. Ojú máa ń ti obìnrin láti gbé kámẹ́rà ńlá jáde lọ́jà, wọ́n á ní "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Èló lẹ ń tà á fún òyìnbó?" Ìbéèrè wọn tọ̀nà. Àwọn tó ti wá yà wọ́n ṣáájú yín kò padà wá. Ẹ kí wọn ná, ẹ ra nǹkan, ẹ jókòó, kámẹ́rà kò ní láti jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ní òun kò fẹ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ kọjá. Ẹ má dojú kámẹ́rà kọ ọlọ́pàá tàbí ṣọ́jà lójú ọ̀nà rárá, kò sí fọ́tò tó tó wàhálà yẹn. Ọmọ iléèwé yín sì rèé, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ òbí wọn kí ẹ tó yà wọ́n.

Mo gbọ́dọ̀ fi ohun kan kún un tí kò bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Mo ti ń sọ ọ́ bíi pé fọ́tò tí kò bá rí ẹni gbà á, á pa ẹni tó yà á lára. Obìnrin kan wà ní Chicago, Vivian Maier, tí wọ́n bí ní 1926. Iṣẹ́ ọmọ títọ́ nínú ilé olówó ló ń ṣe, tó bá sì ti jáde báyìí, kámẹ́rà wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ya fọ́tò tó ju ọ̀kẹ́ márùn-ún lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi han ẹnikẹ́ni, ọ̀pọ̀ róòlù ni kò tiẹ̀ fọ̀. Ní 2007, wọ́n fi ẹrù rẹ̀ ta gbàǹjo torí pé kò san owó ibi tó kó o pa mọ́ sí, ibẹ̀ ni àwọn tó rà á ti rí ohun tó wà nínú àpótí. Ó kú ní 2009, kò mọ̀ pé gbogbo ayé máa rí i. Òun kò nílò kẹ́nì kan dúró dè é. Yíyà yẹn gan-an tó o. Irú wọn wà, bó ṣe wu oníkálukú ló ń ṣe ìmàle tirẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ irú Maier, ìmọ̀ràn mi kò wúlò fún yín. Àmọ́ irú Maier kì í béèrè pé báwo lòun ṣe máa rí ìtara, ẹ̀yin sì béèrè.

Nǹkan méjì ló kù tí kò sí ní agbára mi. Bó bá jẹ́ pé kámẹ́rà nìkan ló sú yín, gbogbo ohun tí mo ti ń sọ lè ràn yín lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ pé oúnjẹ náà ò wù yín mọ́, tí oorun kò wá, tí ìyá ìjọ ti ń béèrè yín, tí ẹ ń wo àwọn ọmọ yín tí ayọ̀ kankan kò sọ, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ fọ́tò. Ẹ lọ rí dókítà. Ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Arò ò jìnnà sí yín, kì í sì í ṣe wèrè nìkan ló ń lọ síbẹ̀, ohunkóhun tó wù kí ará àdúgbò máa sọ. Èkejì ni pé ẹ lè ṣe gbogbo ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kó má yá. Nígbà náà, ẹ tà á, kó tó bu, fún ọmọ kan tó ń wá irú ẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó dùn yín. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ta tirẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ó ń sin ẹja báyìí, ó sanra, ara rẹ̀ yá gágá.

Àmọ́ kí ẹ tó ta ohunkóhun, ìyá aláró yẹn. Ẹ wá fọ́tò rẹ̀ jáde nínú kọ̀ǹpútà lálẹ́ òní, mo mọ̀ pé ẹ ò tíì pa á rẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí 5x7, ẹ̀dà méjì, torí ó máa fẹ́ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ yà á sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù. Ẹ gba ojú ọ̀nà gan-an lọ, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé, ẹ kúnlẹ̀, ẹ ní ẹ má bínú mà pé ó pẹ́. Ẹ gbé kámẹ́rà dání, bátìrì nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tíì yọ ọ́ jáde. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ nu ọwọ́ aró rẹ̀, kó gba fọ́tò náà, kó wò ó, kó pe aládùúgbò rẹ̀ wá wò ó. Nígbà tí àwọn yẹn náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í tún gèlè wé, ẹ wá kọ̀wé sí mi.